Ta ló ń lé yín? Bí ẹgbẹ́ eléré ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn màrátọ́ọ̀nù fún ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Sátidé, ojú ọ̀nà Ọba Adésidà nílùú Àkúrẹ́ kì í rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Kò sí ariwo mọ́tò, kò sí ọlọ́kadà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni já lọ. Àwọn tó ń gbálẹ̀ títì àti ìyá alákàrà kan tó ń dáná ló máa ń kọ́kọ́ rí wa. Ìyá alákàrà yìí kì í jẹ́ ká kọjá láì béèrè ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé yín?"

Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń béèrè é. A máa ń rẹ́rìn-ín, a ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà, a ó sì máa sáré wa lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà. Àwọn àgbà ló ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ló ń lé wa. Èèyàn tó bá fi oorun ìdájí sílẹ̀, tó wọ ṣòkòtò péńpé bọ́ sójú títì, ó yẹ kó lè sọ ohun tó ń lé. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti dá ìyá yìí lóhùn lónìí.

Ẹgbẹ́ wa ò tóbi. Àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la wà ní Àkúrẹ́, àwọn tó wà nílùú Oǹdó ò sì tó mẹ́wàá. Olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, ọlọ́kadà kan wà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, èmi tí mo ka ìwé òfin náà sì wà níbẹ̀. A kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn ará Oǹdó á wọkọ̀ wá bá wa. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, àwa náà á wọkọ̀ lọ bá wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà gbà ṣe ni pé kí ẹni tí kò sá màrátọ́ọ̀nù rí ó lè dé orí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré tó létò, pẹ̀lú nọ́ńbà láyà, àti ìlera lára.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, kì í ṣe gbogbo eré ojú títì ló ń jẹ́ màrátọ́ọ̀nù. Eré kìlómítà 42 àti mítà 195 ni. Níbi ìdíje Olympics tó wáyé ní London lọ́dún 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yẹn gan-an, nígbà tó sì di ọdún 1921, òun ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ayé. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe jìnnà tó, ẹni tó bá kúrò ní Àkúrẹ́, tó gba Bọ́lọ́runduró kọjá lọ sílùú Oǹdó, ìrìn tó rìn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju màrátọ́ọ̀nù kan lọ. Ọ̀nà tí a ń sanwó ọkọ̀ lé lórí ni a ní kí ẹsẹ̀ méjì sá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àárín wọn, mo rò pé ẹsẹ̀ ni ìṣòro. Mo ṣèèṣì. Àǹtí kan láti ìlú Oǹdó ló là mí lójú.

N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn oníbàárà òun máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ládùúgbò Yaba. Ọdún tí wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀. Nígbà tó yá, ìrìn di sísá. Kó tó mọ̀ wá rárá, ó ti gbìyànjú láti lọ sá eré kan nílùú mìíràn. Orí fóònù ọmọ rẹ̀ ló ti rí ìpolówó, ó sì bá ọkọ̀ ìdájí lọ. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀ dà. Nọ́ńbà wo? Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó yẹ kéèyàn ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, pé wọ́n sì ti parí pínpín nọ́ńbà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú bàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó ń wo àwọn tó ń sáré kọjá.

"Lọ́yà," bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, "kì í ṣe pé ẹsẹ̀ mi ò gbé e o. Mi ò mọ ẹnu ọ̀nà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ẹ wo iye èèyàn tí ara wọn gbé nǹkan, tí wọn ò sì mọ ẹnu ọ̀nà. Eré tó létò ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ, ó ní ímeèlì tí wọ́n ń béèrè, ó ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí, ó ní ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà, ó sì ní aago tí wọ́n máa ṣí ọ̀nà padà fún mọ́tò, bóyá o ti parí tàbí o kò tíì parí. Ẹni tó ń gbé ládùúgbò ibi tí eré ti ń wáyé lè fi ẹsẹ̀ kó gbogbo ìyẹn jọ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Oǹdó nílò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ibi tó máa sùn sí, oúnjẹ, àti ẹni tó máa bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó sá mítà kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sá màrátọ́ọ̀nù kan tán lórí ìwé àti nínú àpò.

Ibi tí ẹgbẹ́ ti wúlò nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta là ń ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ìwé. Olùkọ́ kan láàárín wa ló ń bójú tó o. Tí ìforúkọsílẹ̀ eré kan bá ti ṣí, ó máa jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n á jọ kún un. Tí onítọ̀hún ò bá ní ímeèlì, wọ́n á ṣí i. Ó máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ń pín nọ́ńbà sínú ìwé kan, ó sì máa ń rán gbogbo wa létí lórí WhatsApp títí ó fi máa sú wa.

Èkejì ni owó. Kò sí ọgbọ́n tuntun kan níbẹ̀, èèsú tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà náà ni. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀, fún ogún ọ̀sẹ̀. Ogún ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a fi ń gbára dì fún eré, nítorí náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń le sí i ni owó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí eré bá kù sí dẹ̀dẹ̀, oníkálùkù ti ní ọ̀kẹ́ kan (₦20,000) nílẹ̀. Tí a bá pa á pọ̀, a ó háyà bọ́ọ̀sì kan, a ó sì wá ibi tí a máa sùn sí. Ẹni tí kò bá lè dá a pé, a mọ bí a ṣe ń bo àṣírí ara wa.

Ẹ̀kẹta ni ara fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa kì í gbà fún ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀ láì kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, ilé ìwòsàn ló máa kọ́kọ́ lọ, dókítà ló sì máa sọ bóyá ó lè sáré tàbí kó máa rìn. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ ni: kìlómítà márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá, títí tí èèyàn á fi sá 30 tàbí 32 lẹ́ẹ̀kan kí eré gan-an tó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a bá ti fi kún un, a máa ń dín in kù kí ara lè sinmi. Òkìrìkà ni ọ̀pọ̀ wa ti ra bàtà, kò sì sí ẹni tó ń bi wá ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. A ń fi básílíìnì pa ibi tí aṣọ ń há. A ń mu omi bó ṣe yẹ, a kì í mu ún jù, torí pé omi àmujù náà lè ṣe ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn ní jàǹbá. Iyọ̀ ara rẹ̀ á ṣàn jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Nígbà tí àǹtí aránṣọ yìí dara pọ̀ mọ́ wa, ọkọ rẹ̀ ò fara mọ́ ọn. Ó ní irú obìnrin wo ló ń jáde nílé láago márùn-ún lọ bá àwọn ọkùnrin sáré. A ò bá a jà. Bàbá wa ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló múra, ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ kí i nílé bí àgbà ṣe ń kí àgbà, ó jókòó, ó jẹun, ó ṣàlàyé. Lónìí, tí àǹtí bá fẹ́ sá eré tó jìn, ọkọ yìí kan náà ló ń gun ọ̀kadà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi lẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe eré lòun wá wò o, òun kàn ń ṣọ́ ìyàwó òun ni. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá, a gbéra lọ sí Èkó. Lagos City Marathon tí Access Bank ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ la lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2016. Iwájú pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gun afárá Third Mainland, wọ́n á sì parí ní Eko Atlantic. Àwa mọ́kànlá la wà nínú bọ́ọ̀sì. Gbọ̀ngàn ìjọ kan tí àbúrò ọ̀kan nínú wa bá wa bẹ̀ la sùn sí, lórí ẹní. Ní ìdájí, mo wo àyà àǹtí, mo rí nọ́ńbà níbẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ kan nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń fi ọwọ́ kàn án ṣáá bí ẹni pé ó lè fò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi lọ́yà tí mò ń gba gbogbo wọn níyànjú, nígbà tó ku bíi kìlómítà mẹ́sàn-án kí n parí, iṣan ẹsẹ̀ mi méjèèjì fà. Oòrùn Èkó ti mú, n kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Mo jókòó sórí ìkángun títì. Ibẹ̀ ni mo wà tí àǹtí fi bá mi, tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Ó fún mi ní omi tó kù nínú ike rẹ̀. "Lọ́yà, ẹ má jókòó. Ẹ máa rìn." Mo rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ tún kọ̀, ọkọ̀ àwọn elétò ìlera ló gbé mi lọ. Nígbà tí mo máa tún rí i, mẹ́dàlì ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi fóònù bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ Kenya àti Ethiopia ti gba owó wọn tipẹ́. Tiwa ò sí nínú ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí obìnrin yẹn dúró sí tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì, bàtà nínú ọ̀rá.

Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ olówó nìyí. Ẹ wo ìtàn. Ní Harlem, nílùú New York, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi Joe Yancey dá ẹgbẹ́ New York Pioneer Club sílẹ̀ lọ́dún 1936, lásìkò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eléré ìje nílẹ̀ Amẹ́ríkà kì í gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn ní tiwọn gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sáré. Ibẹ̀ ni Ted Corbitt ti jáde, ọmọ ọmọ àwọn ẹrú, ẹni tó ṣojú Amẹ́ríkà nínú màrátọ́ọ̀nù Olympics ní Helsinki lọ́dún 1952. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí New York Road Runners sílẹ̀ lọ́dún 1958, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yẹn ló gbé màrátọ́ọ̀nù New York kalẹ̀ lọ́dún 1970: àwọn 127 ló gbéra, àwọn 55 péré ló parí. Lónìí, ó wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tẹ̀ léra: ẹgbẹ́ ló ṣáájú, eré ńlá ló tẹ̀ lé e.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló forúkọ sílẹ̀ fún ìbò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa sá màrátọ́ọ̀nù London ti ọdún 2026. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ eléré ìje máa ń rí àyè gbà láti ọwọ́ ẹgbẹ́ wọn. Tí ẹgbẹ́ bá wúlò fún ẹni tó ń gbé ní London, mélòó mélòó wá ni ará Oǹdó?

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú òfin wò ó díẹ̀. Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Abala 17, ìsọ̀rí kẹta, tún sọ pé kí ìjọba rí i pé ohun èlò tó pọ̀ tó wà fún ìgbafẹ́ àwọn ará ìlú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n abala 6, ìsọ̀rí kẹfà, ti sọ pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lé lórí. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣèlérí fún ọ, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ pe gbèsè. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ìdánwò nìkan ni mo fi kọ́ ọ. Ojú títì tí kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà ni mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Òfin kan náà ń bá àwa tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wí. Ẹni tó bá kó èèyàn jáde ní ìdájí ní ojúṣe lọ́rùn. Ìwé "mo fínnúfíndọ̀ sáré" tí a ń bu ọwọ́ lù kì í fọ gbogbo ẹ̀bi nù, pàápàá tí ẹni tó ṣètò bá ṣe àìbìkítà. Ìdí nìyí tí a kì í fi sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Mọ́tò ibẹ̀ ń sáré ju tiwa lọ, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ṣe rí ní ojú ọ̀nà wa, tó fi di pé ìpínlẹ̀ dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ lọ́dún 2020. Inú ìlú la ti ń sáré, níbi tí iná wà, lẹ́gbẹẹgbẹ́, pẹ̀lú aṣọ tó ń tàn. Ẹgbẹ́ tó bá sì ti ń gba owó èèyàn, kó tètè forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ apá F òfin CAMA ti ọdún 2020, kí àkáùǹtì lè wà lórúkọ ẹgbẹ́, kó má wà lórúkọ ẹnì kan. Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti tú ká nítorí owó.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ wo Okpekpe, abúlé orí òkè ní Ẹdó tó bá wa pààlà. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 10 níbẹ̀. Lọ́dún 2015, ó di eré ojú títì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àjọ eré ìje àgbáyé fún ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Okpekpe ò tóbi tó Àkúrẹ́, kò sì tóbi tó Oǹdó. Ẹ fún wa ní àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún, ọjọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣáájú. Ẹ ti àwọn ọ̀nà kan nínú ìlú pa fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ gbé ọkọ̀ ìlera méjì àti omi kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ kìlómítà 10 ní Àkúrẹ́ lọ́dún kan, kó jẹ́ Oǹdó lọ́dún kejì. Ẹni tó ń fojú sọ́nà fún màrátọ́ọ̀nù Èkó á ti ní ibi tó ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ nọ́ńbà.

Títí dìgbà náà, a ò ní jókòó. Àǹtí aránṣọ ló ń ṣe kòkáárí àwọn ará Oǹdó báyìí. Àwọn obìnrin mẹ́ta tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ oníbàárà rẹ̀ tó wá gba aṣọ, tó sì rí mẹ́dàlì lára ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù. Èmi náà ti tún bẹ̀rẹ̀ èèsú tèmi, torí mo jẹ Èkó ní kìlómítà mẹ́sàn-án.

Ìyá alákàrà ṣì ń bi wá léèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró, mo sì dá a lóhùn. Mo ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó ń lé wa. Àwa là ń lé nǹkan." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó di àkàrà mẹ́rin sínú ìwé fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ tí mo bá lé e bá.